Àpótí Dúrọ́ọ̀ Tí Wọ́n Ní Ó Ti Lo Igba Ọdún

Ohun mẹ́ta ni mo rí tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ lórí ogún: ilẹ̀, ilé, àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye tí ó tó. Ìkẹta yìí ló le jù. Ilẹ̀, a lè fi okùn wọ̀n ọ́n. Ilé, a lè pe àwọn tí ń ta ilé kí wọ́n wá dá iye lé e. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ ó ṣe sí àpótí onídúrọ́ọ̀ tí bàbá yín fi sílẹ̀ sí ìyẹ̀wù, tí ó dúdú mìnìjọ̀, tí ó ní ọwọ́ idẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ẹsẹ̀ ẹranko, tí àlejò kan sì wọlé tí ó ní, "Háà! Èyí kì í ṣe ohun òde òní o. Ti àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni. Yóò ti lo igba ọdún"? Láti ọjọ́ náà lọ, oorun kò ní kun ojú àwọn ọmọ olóògbé mọ́.

Bí a ṣe ń yẹ irú àpótí bẹ́ẹ̀ wò ni mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí, kí a lè mọ̀ bóyá ògbólógbòó ni lóòótọ́ tàbí àwòṣe, ìyẹn ni èyí tí ẹnì kan wo ti àtijọ́ ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ àwòṣe, ó tún ku kí a mọ ẹni tí ó wò ó ṣe àti ibi tí ó ti ṣe é. Mo ní ẹjọ́ kan láti rò fún yín láti Ìwó, ilé odídẹrẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba inú ìtàn kọjá, nítorí ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí àpótí yìí gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ ẹlẹ́tàn ni yóò ti kọ́ ọ.

Àwọn baba ńlá wa kò mọ dúrọ́ọ̀. Inú igbá onídérí, inú àpò awọ àti inú àpótí ni wọ́n ń kó aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ sí. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa mọ iṣẹ́, ta ni yóò jiyàn ìyẹn? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n mú odindi ìtì igi, kí wọ́n sì gbẹ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́ jáde nínú rẹ̀, ìbáà ṣe ère, ìbáà ṣe opó ààfin, ìbáà ṣe odó. Kí a la igi sí pákó pẹlẹbẹ, kí a wá kàn wọ́n mọ́ra kí ó di ohun tí a lè fà síta kí a sì tì wọlé, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, ọwọ́ mìíràn ni ó sì bá wá.

Ọwọ́ àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà ni. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, ti ń padà wá sí Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta àti Èkó. Àwọn mìíràn ti Brazil dé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní Bahia ní 1835, tí ìjọba ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira. Àwọn tó padà wọ̀nyí kò fi ọwọ́ òfo wálé. Bíríkìlà wà nínú wọn, aránṣọ wà nínú wọn, káfíńtà sì pọ̀ nínú wọn. Balthazar dos Reis, ògbóǹtagí káfíńtà kan láàárín àwọn Àgùdà Èkó, fi iṣẹ́ igi rẹ̀ ránṣẹ́ sí àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886 fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ti kírun rí ní mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, Àgùdà kan tí ń jẹ́ João Baptista da Costa ló darí iṣẹ́ ibẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ohun tó bá dára tó báyìí, òyìnbó nìkan ló lè ṣe é, ẹ bi í léèrè pé òyìnbó wo.

Láti Èkó ni iṣẹ́ náà ti ń wọ òkè lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, àti Bowen ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, kò lè ru gbogbo àga àti ibùsùn wọn la igbó kọjá. Káfíńtà ni wọ́n ń wá. Nígbà tí ojú irin sì gba agbègbè Ìwó kọjá tó dé Òṣogbo ní 1907, ẹrù òyìnbó àti káfíńtà jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà. Lẹ́yìn èyí ni P.W.D. tún dé, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde, tí ó ń kan tábìlì, bẹ́ẹ̀dì àti àpótí onídúrọ́ọ̀ fún ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà bí ọmọ ìbejì. Ọ̀pọ̀ káfíńtà tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló padà sílé lọ dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀. Ní Ìwó, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí ilẹ̀ rẹ̀ ni Yunifásítì Bowen ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002. Ibi tí olùkọ́ àti òyìnbó bá pọ̀ sí, àpótí onídúrọ́ọ̀ kò ní ṣàì sí níbẹ̀.

Báwo wá ni àpótí tí káfíńtà kàn ní ìgbà ayé àwọn bàbá wa ṣe wá jọ ti igba ọdún sẹ́yìn? Àwọn òyìnbó gan-an ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1754, Thomas Chippendale, káfíńtà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé kan jáde tó kún fún àwòrán àga, tábìlì àti àpótí. Ẹni tó bá ra ìwé náà lè fún káfíńtà tirẹ̀ níbikíbi kí ó wò ó ṣe. Nígbà tó fi máa di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tó ra ti Chippendale ti tún fẹ́ràn ohun àtijọ́, ni àwọn iléeṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwòṣe rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Irú àwòṣe wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ òyìnbó kó wá síbí. Káfíńtà wa sì wo àwòṣe náà, ó ṣe àwòṣe tirẹ̀. Àwòṣe bí àwòṣe.

Ọ̀kan wà tí inú mi máa ń dùn sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí ó jẹ́ pé igi tiwa ló ń mú olè. Ní 1721, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú owó ibodè kúrò lórí igi tí ń ti àwọn ilẹ̀ wọn ní Amẹ́ríkà wá, ni mahogany láti Jamaica bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Lọ́ńdọ̀nù, ti Cuba àti ti Honduras sì tẹ̀lé e. Igi yẹn ni Chippendale àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò. Ọ̀gànwó inú igbó wa jẹ́ ẹbí rẹ̀, òyìnbó sì ń pe méjèèjì ní mahogany, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 1880 síwájú ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀gànwó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Liverpool ní ọjà gidi. Ẹ ti rí ibi tí mo ń lọ. Bí ẹnì kan bá gbé àpótí ọ̀gànwó síwájú yín, tí ó ní iṣẹ́ ọdún 1760 láti Lọ́ńdọ̀nù ni, igi náà fúnra rẹ̀ ti já a nírọ́. Káfíńtà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ á mọ ọ̀gànwó: bí ẹ bá yí i sí ìmọ́lẹ̀, ìlà fífẹ̀ kan á dán, èyí tó tẹ̀lé e á ṣú, bí ẹ bá sì yí i padà, èyí tó ṣú á dán. Bí wọ́n bá ń fi ìfági fá a, ara rẹ̀ máa ń ta dìde, nítorí pé ọ̀nà méjì ni iṣan rẹ̀ ń gbà.

Ó wá ku ìwádìí gan-an. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ náà jáde pátápátá, ẹ kó aṣọ àti kanfọ̀ inú rẹ̀ kúrò, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì. Ojú iwájú ni káfíńtà fi ń ta ọjà, òun ni ó ń fá, tí ó ń kùn, tí ó ń fi pólíìṣì pa kí ó máa dán. Abẹ́ ibi tí ojú àlejò kì í dé ni kò ti ní ìdí láti fi nǹkan pamọ́. Irú igi wo ni ó fi ṣe ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lo oak tàbí páìnì. Káfíńtà wa máa ń lo arère, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti là, tàbí kí ó lo afàrà. Bí ẹ bá rí arère lábẹ́ dúrọ́ọ̀, ẹ jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe é. Bí ẹ bá rí páìnì ńkọ́? Ẹ má tíì yọ̀. Páìnì ni wọ́n fi ń ṣe àpótí tí ọjà òyìnbó ń bá wá, àwọn káfíńtà wa kì í sì í jẹ́ kí irú pákó bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Ẹ wò ó bóyá lẹ́tà dúdú ìdajì kan wà lára rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ìwé òyìnbó lè ṣì yín lọ́nà. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ nípa ohun ògbólógbòó á ní kí ẹ wo igun dúrọ́ọ̀, níbi tí pákó iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ ti wọnú ara wọn bí ìrù ẹyẹlé tó tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní dọ́fútéèlì. Wọ́n á ní bí ó bá dọ́gba régérégé, ẹ̀rọ ló gé e, kò lè ju ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ. Bí kò bá dọ́gba, tí ọ̀kan fẹ̀ tí èkejì tín-ín-rín, ọwọ́ ló gé e, ó ti pẹ́ nìyẹn. Òótọ́ ni, ní ilẹ̀ tiwọn. Ní ilẹ̀ tiwa, káfíńtà ń fi ayùn ọwọ́ àti ṣísẹ́ẹ̀lì gé dọ́fútéèlì títí di ìsinsìnyí, nítorí náà kò fi nǹkan kan hàn wá ju pé káfíńtà náà mọṣẹ́. Bákan náà ni ojú ayùn lára pákó. Wọ́n á ní bí ojú ayùn bá tò ní ìlà gbọọrọ, láìjẹ́ pé ó tẹ̀ bí òṣùpá tuntun, a jẹ́ pé wọ́n là á kí ayùn rìbìtì tó dé. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè bí àwọn lagilagi ṣe ń gbẹ́ kòtò nínú igbó, tí ẹnì kan á wà lókè, tí èkejì á wà nínú kòtò, tí ìyẹ̀fun igi á máa dà sí i lójú. Iṣẹ́ náà kò tíì parẹ́ nígbà tí àwọn bàbá wa wà ní ọ̀dọ́. Ìlà gbọọrọ yẹn kan náà ló ń fi sílẹ̀.

Àwọn ohun tí kì í ṣini lọ́nà níbí kò pọ̀. Ìṣó wáyà olórí róbótó, irú èyí tí a ń lò lónìí, ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ ni ó tó gba ọjà kan. Síkúrúù tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú kò sí kó tó di nǹkan bí 1935. Pílìwúùdù lábẹ́ dúrọ́ọ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹ kà á sí ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí iléeṣẹ́ ńlá ti Sapele ń ṣe é. Ara igi tún wà. Igi a máa sún kì nínípọ̀n rẹ̀, kì í sún kì ní gígùn, ìdí nìyẹn tí tábìlì róbótó tó ti pẹ́ kì í fi í róbótó mọ́ bí ẹ bá fi okùn wọ̀n ọ́n. Ẹ wo etí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ níbi tí ó ti ń fara ha igi tí ó ń gorí rẹ̀: ọgọ́rùn-ún ọdún ìfàsíta-ìtìwọlé a máa jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí dúrọ́ọ̀ á fi máa mì jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀.

Ayédèrú náà mọ gbogbo ìwọ̀nyí o. Wọ́n á fi ṣéènì na igi kí ó lè dà bí èyí tó ti jìyà. Wọ́n á fi omi tíì pa á láró. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ lu ihò wẹẹrẹ sí i kí ẹ lè rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Kòkòrò kì í rìn tààrà. Ihò tirẹ̀ a máa yà sọ́tùn-ún yà sósì nínú igi. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín wò ó. Bí ó bá lọ gbọnrangandan, ènìyàn ni kòkòrò náà.

Ẹjọ́ Ìwó wá nìyí. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ẹbí kan tí ilé wọn kò jìnnà sí ààfin Olúwòó ránṣẹ́ pè mí. Bàbá wọn, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ti dolóògbé, ó sì fi àpótí onídúrọ́ọ̀ márùn-ún kan sílẹ̀. Ẹnì kan ti Èkó wá, ó wò ó, ó ní Chippendale gidi ni. Kò ní òun fẹ́ rà á o. Ó ní kí wọ́n dá owó jọ kí òun fi gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, òyìnbó tí yóò rà á wà nílẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ọmọ ti dá ìdajì owó náà. Obìnrin kan nínú wọn ti yá tirẹ̀ ní ẹgbẹ́ àlájẹṣẹ́kù. Èyí àbúrò kò sì bá Dáwódù sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí pé ó ní kí wọ́n má tíì san án.

Mo fa dúrọ́ọ̀ jáde. Iwájú rẹ̀, ọ̀gànwó ni, ìlà rẹ̀ ń dán ó ń ṣú bí mo ṣe wí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, arère. Ìṣó wáyà ni. Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀ kẹrin, pákó páìnì, lẹ́tà dúdú mẹ́rin sì hàn lára rẹ̀ níbi tí ayùn ti gé ìyókù kúrò: L-I-V-E. Pẹ́ńsùlù wà nínú àpótí náà lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnì kan ti ṣírò ẹsẹ̀ bàtà àti ínǹṣì, tí ó ṣì í, tí ó fà á rẹ́, tí ó tún un ṣe. Dọ́fútéèlì rẹ̀ mọ́, ẹni tó gé e kì í ṣe ọmọ àná.

Mo ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ó lè tó ọgọ́ta ọdún. Kò lè tó igba láéláé. Ẹ má san kọ́bọ̀ mọ́."

Dáwódù dìde. "Ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ẹni tó ti Èkó wá yẹn, ìwé ńlá ló ń wò tó fi ń sọ̀rọ̀."

Ariwo bá sọ. Ni ìyá àgbàlagbà kan tó ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àbúrò olóògbé, bá gbóhùn sókè: "Kí lẹ ń pariwo lé lórí látàárọ̀? Àbí àpótí Bọ̀ọ̀dá mi yẹn náà ni? Ojú mi ni wọ́n ṣe é. Ọdún tí Kuíìnì wá sí Ìbàdàn ni. Èmi ni mo ń gbé ẹ̀kọ àti àkàrà fún káfíńtà. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é, gbogbo ọjọ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló sì ń jẹun bí ẹni tí kò ní rí oúnjẹ mọ́. Ilé òyìnbó tó ń kọ́ Bọ̀ọ̀dá mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló lọ, tó fi okùn wọn tiwọn, tó wá ṣe tiwa."

Gbogbo ilé dákẹ́. Àbíkẹ́yìn ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò ti sọ látijọ́?"

"Ta ló bi mí?"

Ọdún tí Kuíìnì wá ni 1956. Igi àti ìyá náà sọ ohun kan náà, ṣùgbọ́n ọdún gan-an, ọjọ́ mọ́kànlá àti àkàrà, kò sí tọ́ọ̀ṣì tí ó lè fi ìyẹn hàn mí. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pè mí síbi irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá tó dàgbà jù nínú ilé ni mo kọ́kọ́ ń lọ, n ó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kí ẹ má rò pé ojú àwọn ọ̀mọ̀wé kì í ṣì. Ẹ rántí orí idẹ tí wọ́n ń pè ní orí Olókun ní Ifẹ̀. Ní 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, rí i ní igbó Olókun, tí ó fẹ́ gbé e lọ, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá di ìgbà tí wọ́n gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1948, William Fagg àti Leon Underwood yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1949 wọ́n kéde pé àwòṣe ni, pé inú yanrìn ni wọ́n ti dà á, kì í ṣe pẹ̀lú ìda bí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ṣe ń ṣe é. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn ènìyàn fi gbà bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì ń fi ojú olè wo Frobenius, pé òun ló pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kó àwọn iṣẹ́ Ifẹ̀ jọ fún àfihàn ní British Museum ní 2010 ni wọ́n tún rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun. Ní 2013, Paul Craddock àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé ìda ni wọ́n fi ṣe é o, iṣẹ́ Ifẹ̀ àtijọ́ gan-an ni. Orí tí wọ́n ti sọ di ayédèrú látijọ́, ojúlówó ni. Ohun tí mo ń fẹ́ kí ẹ rí ni pé lára ohun náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti rí ìdáhùn, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọlọ́jà máa ń lọ́ mọ́ ara wọn: àwòṣe àti ayédèrú. Káfíńtà Ìwó yẹn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ ní òun fẹ́ irú ti òyìnbó, ó ṣe irú ti òyìnbó, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tó di olóògbé ní 2009, kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bandele nínú ọgbà iṣẹ́ tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì ní 1947. Opó àti ilẹ̀kùn bíi ti àwọn baba rẹ̀ ló ń gbẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Àwòṣe ò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ti Èkó wá tó fi àdọ́jọ ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀ ló sọ ọ́ di ayédèrú, láìfọwọ́ kan igi.

Òfin náà wà nílẹ̀. Láti 1953 ni ìjọba ti ní òfin lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin 77 ti ọdún 1979 ló gbé ilé-iṣẹ́ àpapọ̀ tó ń rí sí mùsíọ́mù àti ohun ìrántí kalẹ̀, òun ló sì sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ wa kó tó di 1918 wà lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tí wọn kò fún ní àṣẹ kò gbọdọ̀ rà á, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé e kọjá ibodè láìgba ìwé. Àpótí 1956 kò sí lábẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní tábìlì tàbí àpótí tí ọwọ́ Àgùdà Èkó kàn ní 1890, lójú tèmi iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa ni, ẹ lọ bi wọ́n léèrè ní mùsíọ́mù kí ẹ tó bá oníbàárà kankan sọ̀rọ̀.

Èló wá ni àpótí Ìwó? Gẹ́gẹ́ bí ògbólógbòó, kò tó nǹkan kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ àti ní ibi púpọ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ń wò. Gẹ́gẹ́ bí àpótí tí a ń kó aṣọ sí, ẹ fi wé tuntun tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun igi àti gúlúù ṣe, èyí tí omi bá ta sí tí ó wú bí búrẹ́dì, ẹ ó rí i pé ó tó ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Gẹ́gẹ́ bí igi lásán, ó ti gòkè ju bí olùkọ́ ṣe rà á lọ. Ọ̀gànwó ti wọ́n, pákó fífẹ̀ bí irú èyí tó wà ní orí àpótí náà sì ṣòro láti rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Panama, wọ́n fi ọ̀gànwó àti àpá ilẹ̀ Áfíríkà sí abẹ́ àdéhùn òwò ohun abẹ̀mí tó ń dín kù, tí ó fi jẹ́ pé ìtì rẹ̀ àti pákó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibodè láìní ìwé. Káfíńtà kan ti bẹ àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n tà á fún òun, òun fẹ́ tú u. Kò fi ohun tó fẹ́ ṣe pamọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n má tà á.

Owó tí wọ́n ti dá, wọ́n pín in padà, obìnrin yẹn sì san gbèsè rẹ̀. Wọ́n béèrè pé kí ni kí wọ́n wá ṣe sí àpótí náà. Mo ní kí wọ́n má fi sáńpépà fá ojú rẹ̀, kí wọ́n má pààrọ̀ ọwọ́ idẹ rẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́mékà bo orí rẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀ bá ń há, kí wọ́n fi àbẹ́là pa etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi Màmá léèrè orúkọ káfíńtà náà kí ó tó pẹ́ jù, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú ọdún rẹ̀ àti irú igi tí ó lò, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú dúrọ́ọ̀ kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà mẹ́rin yẹn.